Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí: Ìtàn Ivan Pavlov àti ọ̀nà tí ìró fi ń di ìpayà lára

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ló ń sá gan-an? Ojú onítọ̀hún rí i pé ekòló ni. Ẹnu rẹ̀ lè sọ pé ekòló ni. Síbẹ̀, kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ti gbéra, àyà ti já, òógùn ti bo iwájú orí. Ta ló pàṣẹ fún ẹsẹ̀? Ọ̀nà wo ni ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ ń gbà dé ibi tí ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ?

Lónìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ya ọ̀nà yẹn bí ẹni tó ń ya máàpù àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1936 ló fi irinṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò sílẹ̀ fún wọn. Ivan Petrovich Pavlov lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ yìí rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nípa ajá àti agogo: wọ́n lu agogo, ajá da itọ́, ó parí. Ìyẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Lójú tèmi o, apá tó yẹ ká mọ̀ jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí kò sí nínú agogo rárá. Inú omi ló wà. A máa débẹ̀.

Ìlú Ryazan ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí Pavlov sí lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 1849. Àlùfáà ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí láàrin ọmọ tó pọ̀. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó já bọ́ láti orí ibi gíga, ó fara pa gan-an, àìlera yẹn kò sì jẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Bàbá ìsàmì rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, ló mú un sọ́dọ̀, tó tọ́jú rẹ̀ títí ara fi le. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni kó tó wọ iléèwé.

Ohun tí gbogbo ayé ń retí ni pé kó di àlùfáà bíi bàbá rẹ̀. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Ryazan lóòótọ́. Àmọ́ àkókò náà jẹ́ èyí táwọn ọ̀dọ́ Rọ́ṣíà ń ka ìwé tuntun lọ́tùn-ún lósì. Ìwé kan tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni èyí tí Ivan Sechenov kọ lọ́dún 1863 nípa ọpọlọ. Sechenov sọ nínú rẹ̀ pé ohun tá a ń pè ní ìrònú àti ìmọ̀lára, láti ara ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: nǹkan kan kan ojú tàbí etí, ó gba inú ọpọlọ kọjá, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Pavlov lára. Lọ́dún 1870, ó fi ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ láì parí rẹ̀, ó sì gba yunifásítì St. Petersburg lọ láti kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá já òbí rẹ̀ kulẹ̀ nítorí kọ́ọ̀sì tó wù ú, ẹ ó mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yẹn kò kéré.

Ó kàwé, ó sì jáfáfá. Ó parí ní yunifásítì lọ́dún 1875, ó tẹ̀ síwájú nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun ní ìlú kan náà, ó sì gboyè dókítà lọ́dún 1883. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe owó. Lọ́dún 1881 ló fẹ́ Serafima Karchevskaya, obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tó sì nígbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ju ọkọ rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìṣẹ́ fẹ́ pa wọ́n. Ìgbà kan wà tí wọn ò lè jọ gbé pọ̀ nítorí pé owó ilé kò sí. Ọmọ wọn ọkùnrin àkọ́kọ́ kú ní kékeré. Pavlov lọ sí Jámánì fún ọdún méjì, láti 1884 sí 1886, láti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ńlá níbẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì kó tó ríṣẹ́ tó dúró: wọ́n sọ ọ́ di pọ̀fẹ́sọ̀ lọ́dún 1890, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ní kó wá darí ẹ̀ka ìwádìí nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tuntun kan ní St. Petersburg.

Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti yọ. Kì í ṣe lórí ọpọlọ o, lórí ikùn ni. Pavlov fẹ́ mọ bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara ẹni tó wà láàyè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ abẹ bákan náà. Ó máa ń la ihò kékeré sára ajá, tí omi inú ikùn tàbí itọ́ á máa gbabẹ̀ jáde sínú ìgò, ajá náà yóò sì yè, yóò máa jẹun, yóò máa ṣeré. Kódà, yàrá ìwádìí rẹ̀ ń ta omi inú ikùn ajá fáwọn tí oúnjẹ kì í dà fún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò lọ́dún, owó tó ń wọlé níbẹ̀ sì ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́dún 1904, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Òun lọmọ Rọ́ṣíà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, àwọn dókítà nìkan ni ì bá máa rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń dí i lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ajá rẹ̀ kì í dúró dìgbà tí oúnjẹ bá dé ẹnu kí wọ́n tó da itọ́. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń bọ́ wọn, itọ́ ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóde, itọ́ ti ń bọ̀. Fún ẹni tó fẹ́ wọn itọ́ oúnjẹ, ìdààmú nìyẹn, ó ń ba ìṣirò jẹ́. Ọ̀kan lára àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, Snarsky, ní kò sí ohun tó le ńbẹ̀: ajá ń ronú, ó ń rántí, ó ń fẹ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbi oúnjẹ. Pavlov kọ̀. Ó ní bí a bá ti ní ọkàn ajá ló fẹ́ ẹ, a ò tíì ṣàlàyé nǹkan kan. Ìró ẹsẹ̀ wọ etí ajá, itọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tó gbà láàrin méjèèjì, ọ̀nà yẹn lòun fẹ́ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pínyà.

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti lókìkí, tó ń gba ẹ̀bùn Nobel lórí ikùn, ló pa iṣẹ́ ikùn tì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ tó kù láyé rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló lò ó.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é rọrùn láti sọ. Ó gbé ajá sínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó jẹ́ kó gbọ́ ìró kan tí kò já mọ́ nǹkan kan fún ajá, lẹ́yìn náà ló fún un lóúnjẹ. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Tó bá yá, ìró nìkan ti tó láti mú itọ́ jáde. Agogo táwọn èèyàn ń sọ yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ohun tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré táwọn olórin fi ń díwọ̀n ìlù, tó ń dún kò, kò, kò. Ó sì tún ń lo iná tó ń tàn, ohun tó ń fọwọ́ kan awọ ara ajá, àti àwọn ìró mìíràn. Torí pé ariwo òde lè da iṣẹ́ rú, ó kọ́ ilé kan tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á wà níta, ajá nìkan á wà nínú.

Ẹni tó bá ní fóònù mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ìró tó máa ń dún tí owó bá wọ àkáǹtì yín, ṣé ìró yẹn fúnra rẹ̀ dùn ni? Kò dùn ju ìró mìíràn lọ. Ohun tó ti ń tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di adùn.

Pavlov wá rí nǹkan méjì tó yẹ ká fi sọ́kàn, torí a máa padà sí wọn. Àkọ́kọ́, tí ìró bá ń dún ṣáá tí oúnjẹ kò tẹ̀ lé e mọ́, itọ́ á dín kù títí á fi tán. Ìkejì, ẹ fi ajá yẹn sílẹ̀ kó sinmi, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró náà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tàbí lọ́jọ́ kejì, itọ́ á tún yọ. Ohun tá a rò pé ó ti parẹ́ kò parẹ́. Wọ́n kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún ṣe ohun tó yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Obìnrin kan nínú wọn, Maria Yerofeeva, fi iná mànàmáná gbe ajá lára, ó sì ń fún un lóúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ajá kò jà mọ́, kò sì ké mọ́. Bí iná bá ti gbé e, ó ń da itọ́, ó ń wo ibi tí oúnjẹ máa gbà wọlé. Ìrora ti di àmì ayọ̀. Obìnrin mìíràn, Shenger-Krestovnikova, kọ́ ajá pé òbìrí kíkún túmọ̀ sí oúnjẹ, òbìrí tó gùn bí ẹyin kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ó wá ń mú kí èyí tó gùn máa jọ èyí tó kún, díẹ̀díẹ̀, títí ajá kò fi lè dá wọn mọ̀ mọ́. Kí lajá yìí ṣe? Ṣe ló ya wèrè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ajá tó ti ń dúró jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó ń já okùn, ó ń bu nǹkan jẹ. Kódà, èyí tó rọrùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kò lè túmọ̀ ló fọ́ ọ.

Láàrin èyí ni ogun àti ìyípadà ìjọba dé. Lọ́dún 1917, àwọn Bolshevik gba ìjọba. Owó Nobel Pavlov bá a lọ. Ebi wọ ìlú. Àwọn ajá ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ torí oúnjẹ kò sí, òun fúnra rẹ̀, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń gbin ewébẹ̀ láti fi jẹun. Ó pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ kan láàrin rúkèrúdò náà. Nígbà tó wá kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kóun kó kúrò ní Rọ́ṣíà, Lenin rí i pé ìtìjú ńlá ló máa jẹ́. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1921, Lenin fọwọ́ sí àṣẹ pàtàkì kan pé kí wọ́n pèsè gbogbo ohun tí Pavlov nílò fún iṣẹ́ rẹ̀. Pavlov gbà á, kò sì torí ẹ̀ pa ẹnu mọ́.

Ibi tí omi ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1924, ìjì gbé omi òkun wá sínú odò Neva, odò náà sì kún bo ìlú Petersburg, tí wọ́n ti ń pè ní Leningrad nígbà náà. Omi ga ju bó ṣe máa ń wà lọ ní ohun tó lé ní mítà mẹ́ta ààbọ̀. Inú àgọ́ kéékèèké nínú ọgbà iléeṣẹ́ ìwádìí ni àwọn ajá Pavlov wà. Omi wọlé tọ̀ wọ́n. Ó ń gòkè. Àwọn ajá lúwẹ̀ẹ́ títí orí wọn fi fẹ́ kan òrùlé. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ fi máa débẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwọn àgọ́ kan ti rì pátápátá, ṣe ni wọ́n ní láti ki orí ajá bọ inú omi kí wọ́n tó lè fà á jáde. Wọ́n yọ wọ́n. Wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ sínú ilé kan, àwọn ajá tí kò gbọ́dọ̀ rí ara wọn kí ìjà má bẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó bá ẹnì kejì rẹ̀ jà. Gbogbo wọn dákẹ́.

Omi lọ. Ìlú gbẹ. Wọ́n dá àwọn ajá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn ajá kan kì í ṣe ajá tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń jẹ́ jẹ́jẹ́, ti gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́. Ìró dún, itọ́ kò wá. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Ó ń wò káàkiri bí ẹni pé nǹkan kan ń bọ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó fi sùúrù mú un padà sípò. Àwọn ajá mìíràn ńkọ́, tí wọ́n jọ wà nínú omi kan náà? Ara tiwọn le koko, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó dà bíi pé ajá tí mo sọ yìí ti bọ̀ sípò, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Pavlov ṣiṣẹ́, Speransky, ṣe àyẹ̀wò kan. Ó jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọnú yàrá tí ajá wà. Omi tí kò lè rì ọmọ adìyẹ ni o. Ajá náà gbéra, ó ń wo ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi sùúrù kọ́ padà tún pòórá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ìkún omi ti lọ tipẹ́. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n nínú ara ajá yẹn, odò Neva kò tíì padà sílé. Omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn ti tó láti sọ fún gbogbo ara pé ikú ti dé.

Pavlov mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àjálù kan náà fi ń fọ́ ẹnì kan tó sì ń fi ẹlòmíì sílẹ̀. Nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ó ń jókòó ti àwọn aláìsàn, ó ń gbìyànjú láti fi ohun tó kọ́ lára ajá yé ara rẹ̀ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe gbogbo èrò rẹ̀ níbẹ̀ ló padà jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ìbéèrè náà dára.

Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó rọrùn bá gbé. Inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, ó sì máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wàhálà ló wà. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù alágbára. Láàrin àwọn ọdún 1920, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ àlùfáà kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé ọmọ àlùfáà lòun náà. Òun tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ ló ń gbèjà àwọn onígbàgbọ́. Láàrin àwọn ọdún 1930, ó ń kọ lẹ́tà sáwọn olórí ìjọba láti takò bí wọ́n ṣe ń kó àwọn èèyàn, tí ìlú ń gbé nínú ìpayà. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe fún ẹran ara mọ ohun tó ń sọ. Ó kú ní Leningrad lọ́jọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 1936, àìsàn òtútù àyà ló pa á, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajá náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kú, ọ̀pọ̀ ló jìyà, kò sì sí èyí tó fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Ère ajá kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1935 nínú ọgbà iléeṣẹ́ náà kò pa gbèsè yẹn rẹ́. Àwọn mìíràn sì ti gba ọ̀nà Pavlov lọ síbi tí kò yẹ. Lọ́dún 1920, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, John Watson àti Rosalie Rayner gbé ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì pé ọdún kan, tí wọ́n pè ní Albert, síwájú eku funfun. Ọmọ náà kò bẹ̀rù eku. Wọ́n wá ń fi òòlù gbá irin lẹ́yìn rẹ̀ nígbàkigbà tí eku bá yọ, títí tó fi jẹ́ pé eku nìkan ti tó láti mú un ké. Wọ́n dá a padà fún ìyá rẹ̀ láì mú ẹ̀rù náà kúrò. Ó gbà títí di 1924 kí obìnrin kan, Mary Cover Jones, tó fi hàn pé ó ṣeé mú kúrò: ọmọdékùnrin kan, Peter, ń bẹ̀rù ehoro, ó ń fún un lóúnjẹ tó fẹ́ràn, ó sì ń mú ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí Peter fi fọwọ́ pa ehoro náà lára.

Pavlov kú láì rí ọ̀nà tó ń wá. Ó mọ ohun tó ń wọlé, ó mọ ohun tó ń jáde, ó sì gbà pé ìta ọpọlọ, apá tó rún wínníwínní lókè yẹn, ni ibi tí ìró àti èsì ti ń pàdé. Lọ́dún 1937, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, James Papez ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ọ̀nà kan tó rò pé ìmọ̀lára ń gbà yípo nínú ọpọlọ. Apá kan nínú àwòrán yẹn padà jẹ́ ọ̀nà ìrántí ju ọ̀nà ẹ̀rù lọ.

Láàrin àwọn ọdún 1980, Joseph LeDoux ní New York padà sí irinṣẹ́ Pavlov. Eku ló lò. Ìró dún, iná mànàmáná díẹ̀ gbé ẹsẹ̀ eku. Láìpẹ́, ìró nìkan ti tó láti mú eku gan pa síbi tó wà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. LeDoux wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ti àwọn títì kan pa láti mọ èyí tí ọkọ̀ ń gbà. Ó ba ibi tí ìta ọpọlọ ti ń gbọ́ràn jẹ́: eku ṣì bẹ̀rù ìró. Ó ba ibùdókọ̀ tó wà láàrin ọpọlọ jẹ́, ìyẹn thalamus, níbi tí ohun tí etí gbọ́ ti ń dúró kó tó lọ sókè: eku kò kọ́ ẹ̀rù náà mọ́. A jẹ́ pé láti ibùdókọ̀ yẹn, ọ̀nà àbùjá kan wà tí kò dé òkè rárá. Nígbà tó da ohun aláwọ̀ tó máa ń tọ iṣan lọ síbẹ̀, ó rí ibi tó já sí: ìdì kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń lọ sí ọkàn kó máa sáré, sí ẹsẹ̀ kó sá tàbí kó gan.

Ìyẹn ni pé Pavlov ṣìnà nípa òkè ọpọlọ. Ẹ̀rù kò nílò kí òkè gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kan gùn, ó máa ń ro ọ̀rọ̀ dáadáa, ìkejì kúrú, kì í béèrè nǹkan kan. Ara ti sáré kí ọgbọ́n tó dé. LeDoux fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé ká má ṣe pe ìdì kékeré yẹn ní ilé ẹ̀rù tá a ń mọ̀ lọ́kàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó dáàbò bo ara. Ẹ̀rù tí ẹnu ń sọ jáde, àwọn apá mìíràn nínú ọpọlọ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Pavlov rí nípa itọ́ tó padà yọ lọ́jọ́ kejì náà ti wá ní ìdáhùn. Bí ẹ̀rù bá rọlẹ̀, ọpọlọ kò pa ti àtijọ́ rẹ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun lé e lórí ni, iwájú ọpọlọ sì ń fọwọ́ tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú tó dára fi máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi ti ehoro Peter, pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tó ti ń gbádùn fi lè já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí kì í ṣe pé ó ń díbọ́n.

Èmi tó kàwé òfin, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Wọ́n kọ́ wa pé adájọ́ tó rí ẹlẹ́rìí tó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lè wo ìṣesí rẹ̀ nínú àpótí ẹ̀rí. Ó ń gbọ̀n, àbí kò gbọ̀n? Ó dáhùn kíá, àbí ó dákẹ́? Nínú ìrònú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í kólòlò. Ẹ wá mú obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò, ẹ ní kó dúró níwájú ẹni tó ṣe é, kó gbọ́ ohùn ẹni náà. Bí ahọ́n rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ṣé irọ́ ló ń pa? Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò pariwo, kí ló dé tí kò sá, ẹ rántí eku LeDoux tó gan pa síbi tó wà. Ara ló pinnu. Wọn ò pe ọgbọ́n sí ìpàdé náà.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ń gbọ̀n ló ń sọ òótọ́. Mo ní gbígbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí irọ́, àìgbọ̀n náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ajá kan jáde nínú omi kan náà láì yí padà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè ní wọn ò sí ńbẹ̀.

Ká kúrò ní kóòtù, ká wọ ilé. Ọ̀rẹ́ yín tí kì í fẹ́ jókòó sí iwájú ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti ní jàǹbá. Àbúrò yín tí ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ tí ẹnì kan bá gbá ilẹ̀kùn, torí irú ilé tó gbé rí. Ohun tá a máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mọ́kàn, pé ó ti kọjá, pé ojo ni wọ́n. Àwọn kan á tún ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ó ti kọjá lóòótọ́ lójú kàlẹ́ńdà. Ó lè má tíì kọjá ní ọ̀nà kúkúrú tó wà láàrin etí àti àyà, ọ̀nà yẹn kò sì gbọ́ Yorùbá, ẹ ò lè fi ariwo pàṣẹ fún un.

Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ tàbí tí wọ́n rí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú sùúrù. Tó bá ju agbára yín lọ, ẹ bá wọn wá dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ, ẹ sì tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ajá tí omi Neva fọ́ yẹn, sùúrù ló mú un padà jẹun.